Kí Ni Ìjọba Ń Fi Owó Ìtọ́jú Eyín Rà?

Àsọyé ní àpéjọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ eyín ni ọ̀rọ̀ òní. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ eyín ti kéré jù fún àpéjọ àwọn tí ń jíròrò lórí ìṣèlú àti ìnáwó ìlú, kí olúwarẹ̀ rántí òru ọjọ́ tí eyín dùn ún kẹ́yìn. Ẹni tí eyín ń dùn kò gbọ́ ti ilé, kò gbọ́ ti oko. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò ṣe é jẹ; ọjà wà lórí igbá, kò ṣe é kiri. Ọmọ ilé ìwé tí eyín ń dùn jókòó níwájú olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe ti ìrora ni àsọyé yìí fẹ́ sọ. Ti owó ni. Nígbà tí ìjọba bá gba owó orí lọ́wọ́ àgbẹ̀, lọ́wọ́ oníṣòwò àti lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tí ó sì mú nínú rẹ̀ fún oníṣègùn eyín pé kí ó máa tọ́jú ará ìlú, kí ni ìjọba náà fi owó rà? Ṣé eyín tí a yọ ni ó rà, tàbí eyín tí kò bàjẹ́? Ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Agégẹdú tí a bá ń sanwó fún lórí iye igi tí ó wó kò ní jókòó gbin igi. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ènìyàn búburú. Iṣẹ́ tí a gbé fún un ni ó ń ṣe.

Ìlú Ọba ni a ó ti wo ọ̀rọ̀ náà, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Láti 1948 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fi owó ìlú ra ìtọ́jú eyín fún tolówó tálákà, tí wọ́n sì ń kọ iye ohun gbogbo sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Skọ́tlándì, tí wọ́n wà lábẹ́ adé kan náà, ya ọ̀nà ara wọn lórí bí wọn yóò ti máa ná owó yìí, tí ó fi jẹ́ pé a lè gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì kí á wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ní ọmọ tàbí àbúrò níbẹ̀ tí ẹ lè bi léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

LÁTI 1948

Ní ọjọ́ karùn-ún Oṣù Keje 1948 ni ètò ìlera gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Bí ilẹ̀kùn ti ṣí báyìí, ńṣe ni àwọn ènìyàn ya lu àwọn oníṣègùn eyín bí omi tí ó já ìdènà. Àwọn tí eyín ti ń dá lóró láti ọjọ́ pípẹ́ jáde wá yọ ọ́. Àwọn tí kò ní eyín kankan lẹ́nu mọ́ wá gba eyín àtọwọ́dá. Owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ kò tó. Ní 1951 wọ́n fi owó lé eyín àtọwọ́dá àti awò ojú. Ọ̀rọ̀ náà dun Aneurin Bevan, ẹni tí ó dá ètò náà sílẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ mínísítà ìlera, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìjọba. Ní 1952 wọ́n tún fi pọ́n-ùn kan lé ìtọ́jú eyín fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé eyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú, kí ó lọ ka ìtàn ọdún náà.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, iye iṣẹ́ tí ọwọ́ oníṣègùn bá ṣe ni wọ́n fi ń sanwó fún un: iye kan fún ihò tí ó dí, iye kan fún eyín tí ó yọ, iye kan fún eyín àtọwọ́dá tí ó fi rọ́pò rẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ fún ọmọ tí eyín rẹ̀ kò bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹnu àwọn àgbàlagbà wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélsì ní 1968, 37 nínú 100 ni kò ní eyín àdánidá kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́. Ní àwọn agbègbè kan, wọ́n a máa yọ gbogbo eyín ọmọbìnrin kí ó tó lọ sí ilé ọkọ, kí owó eyín má baà di ẹrù sí ọkọ lọ́rùn. Ó ṣòro fún àwa tí a ń fi èjí yangàn, tí a ń fi eyín funfun ki ìyàwó, láti gba irú èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Nígbà tí ó di 2009, 37 náà ti di 6 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ó fà á? Òótọ́ ni pé àṣà ti yí padà, tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ kí á máa yọ eyín dànù mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí jù lọ, nígbà tí wọ́n bá wo bí eyín àwọn ọmọdé ti dára sí i, ni ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fúlóráìdì, èyí tí ó gba ọjà kan ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí ènìyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ni ó ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìlueyín kò lè ṣe.

BÍ EYÍN TI Ń BÀJẸ́

Ó yẹ kí a yà síhìn-ín díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí eyín ti ń bàjẹ́ kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí ìjọba rà. Àwọn baba wa sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Wọn kò jìnnà sí òtítọ́, àfi pé kòkòrò náà kì í ṣe èyí tí ojú lásán lè rí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n fi ara eyín ṣe ilé. Nígbà tí ènìyàn bá jẹ ohun dídùn, àwọn náà a jẹ nínú rẹ̀, wọ́n a sì tu omi kíkan jáde. Omi kíkan yìí ni ó ń yọ́ èèpo líle tí ó bo eyín lójú. Bí ẹnu bá sinmi, itọ́ a dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ó yọ́. Ẹ wo ògiri amọ̀: òjò ń wẹ̀ ẹ́, onílé ń rẹ́ ẹ. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ọwọ́ onílé á ká a. Ṣùgbọ́n bí òjò kò bá dá láti òwúrọ̀ di alẹ́, ògiri á wó. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé iye ìgbà tí ọmọ ń la ṣúgà lóòjọ́ burú ju ìwọ̀n ṣúgà náà fúnra rẹ̀ lọ, tí ó sì fi jẹ́ pé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọ gbé sọ́wọ́ tí ó ń mu díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú jẹ́ òjò tí kò dá.

Iṣẹ́ fúlóráìdì ni pé ó ń jẹ́ kí rírẹ́ náà tètè mú, kí ó sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò sí ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ìmọ̀ àná. Ní 2007 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo ohun tí a ti dán wò tí ẹ̀rí sì wà fún jọ sínú ìwé kan, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣègùn eyín wọn. Wọ́n ti tún un ṣe lẹ́yìn náà, títí di 2021 tí ó fi di ìwé gbogbo Ìlú Ọba. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju ohun tí ìyá lè há sórí lọ. Kí á máa fọ eyín lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìgbà tí à ń lọ sùn. Kí fúlóráìdì inú ọṣẹ ọmọ kékeré má dín ní ìdá 1,000 nínú mílíọ̀nù kan, kí ti àgbà wà láàrin 1,350 sí 1,500. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kí ọṣẹ kàn ra orí búrọ́ọ̀ṣì. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ó tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Kí á tu ọṣẹ náà dànù, ṣùgbọ́n kí á má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, nítorí omi yóò gbé oògùn náà lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta, kí oníṣègùn tàbí nọ́ọ̀sì eyín máa kun eyín ọmọ ní ọ̀dà fúlóráìdì lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Àwọn onímọ̀ Cochrane kó ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò lórí ọ̀dà yìí jọ ní 2013, wọ́n sì rí i pé ó dín ìbàjẹ́ eyín àgbà kù ní ìwọ̀n 43 nínú 100, ó sì dín ti eyín ọmọdé kù ní ìwọ̀n 37.

Ẹ̀rí kì í sọ ohun tí ó yẹ kí á ṣe nìkan. Ó ń sọ ohun tí ó yẹ kí á jáwọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dun àwọn kan. Gbogbo ayé ni ó gbọ́ pé kí ènìyàn lọ rí oníṣègùn eyín ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ní 2004 àjọ tí ń yẹ ẹ̀rí wò fún ètò ìlera ilẹ̀ náà sọ pé ìyẹn kò pọn dandan fún gbogbo ènìyàn: ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, kí ó wá ní oṣù mẹ́ta, àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá lè dúró di oṣù mẹ́rìnlélógún. Wọ́n dán an wò fún ọdún mẹ́rin lára àgbàlagbà 2,372, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2020: ẹnu àwọn tí ń wá ní oṣù mẹ́fà kò sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Bákan náà ni ti híha eyín. Ní 2018 ni àyẹ̀wò ọlọ́dún mẹ́ta fi hàn pé híha eyín ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kò ṣe èrìgì àwọn tí àrùn kò wọ̀ lára gidi ní àǹfààní ju ti àwọn tí a kò ha eyín wọn lọ. Ẹ wo iye wákàtí oníṣègùn tí ó ti bá èyí lọ, nígbà tí ọmọ tálákà kò rí ẹni yẹ ẹnu rẹ̀ wò.

ÌWÉ ÌMỌ̀RÀN ÀTI ÌWÉ OWÓ

Nígbà náà, bí ìwé rere bá ti wà lórí tábìlì gbogbo oníṣègùn láti 2007, kí ni ó ṣẹ́ kù? Ẹnu dùn-ún rò'fọ́. Ìwé kejì wà lórí tábìlì kan náà, òun ni ìwé àdéhùn owó, ẹni tí ó bá sì ní ilé ìtọ́jú láti san owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ èwo nínú ìwé méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà.

Àdéhùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin 2006. Wọ́n pa sísan owó lórí ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ́, wọ́n sì dá òṣùwọ̀n kan sílẹ̀. Yíyẹ ẹnu wò àti ìmọ̀ràn jẹ́ òṣùwọ̀n 1. Dídí ihò tàbí yíyọ eyín jẹ́ 3. Eyín àtọwọ́dá àti irú rẹ̀ jẹ́ 12. Oníṣègùn yóò ṣe àdéhùn iye òṣùwọ̀n tí yóò pé lọ́dún. Bí kò bá pé e, yóò dá nínú owó náà padà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó àjọ. Ẹni tí ó ní ihò kan wá, oníṣègùn dí i, ó gba 3. Ẹni tí ó ní ihò mẹ́wàá wá, ó jókòó dí gbogbo rẹ̀, 3 náà ni. Ìyá kan gbé ọmọ mẹ́ta wá. Ó fi ìdajì wákàtí kọ́ ìyá ní bí yóò ti máa fọ eyín wọn, ó kun eyín ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà. Ohun tí ó gbà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan kò ju ohun tí ì bá gbà lọ bí ó bá kàn ní kí ó yanu kí ó sì ní kí ó máa lọ. Àwọn tí wọ́n kọ àdéhùn náà ní àwọn fẹ́ kí oníṣègùn ní àyè láti dènà àrùn. Ohun tí wọ́n rò nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n rà.

Ní 2008 ìgbìmọ̀ ìlera Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bu ẹnu àtẹ́ lu àdéhùn náà. Ní 2009 Ọ̀jọ̀gbọ́n Jimmy Steele, tí ìjọba bẹ̀ ní àyẹ̀wò, ní kí wọ́n sọ ọ́ di èyí tí ń sanwó fún ẹnu tí ó ní ìlera. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà tuntun wò ní 2011. Wọ́n dán an wò títí di Oṣù Kẹta 2022, wọ́n sì kó o nílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá! Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ti pàrọ̀ eyín ọmọdé tán kí wọ́n tó pa á tì. Ní Oṣù Kọkànlá 2022 wọ́n tún òṣùwọ̀n ṣe, pé ẹni tí ó bá dí ihò mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba 5. Àánú ńlá ni fún oníṣègùn tí ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn tálákà, ṣùgbọ́n ihò náà ni wọ́n ṣì ń kà.

A kò gbọdọ̀ fi apá kan ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí wọ́n ń dán ọ̀nà tuntun wò, tí owó kò gbé orí ihò mọ́, iye ènìyàn tí àwọn oníṣègùn ń rí dín kù. Èyí fi hàn pé kò tó kí á kàn yí ìdí owó padà kí á sì lọ sùn. Bí a bá sanwó lórí iṣẹ́, wọ́n á ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ. Bí a bá sanwó lórí iye orí, wọ́n lè kọ orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n má rí ẹni náà. Olùra tí ó gbọ́n a máa da méjèèjì pọ̀, a sì máa rán ẹni lọ yẹ ọjà wò.

Ohun mìíràn wà tí ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti Oṣù Kẹrin 2013 ni wọ́n ti pín àpò náà sí méjì: àpò kan, tí ó wà lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ètò ìlera, ń ra ìtọ́jú, àpò kejì, tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n ní kí ó máa ṣe ètò ìdènà. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ra búrọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọmọdé lónìí, àpò ẹlòmíràn ni yóò sinmi ní ọdún mẹ́ta òní. Ta ni yóò máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn? Ní ọdún kan ṣoṣo tí ó parí ní Oṣù Kẹta 2023, ìgbà tí wọ́n yọ eyín kíkẹ̀ fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 30,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú oògùn oorun. Láàrin àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án, kò sí ohun tí ó ń gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn jù ú lọ.

SKỌ́TLÁNDÌ

Ẹnu àwọn ọmọ Skọ́tlándì burú púpọ̀ nígbà kan, àwọn fúnra wọn kò sì bò ó mọ́ra. Ní 2003, nínú 100 ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 45 péré ni ìbàjẹ́ kò hàn ní eyín wọn. Ní 2005 ìjọba wọn gbé ètò kan jáde, ní 2006 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán Childsmile wò.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rà kì í ṣe àga oníṣègùn, búrọ́ọ̀ṣì ni. Ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ a fi ọṣẹ tí ó tó ẹyọ ẹ̀wà sórí búrọ́ọ̀ṣì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ a jókòó tàbí kí wọ́n dúró yí tábìlì ká, wọ́n a fọ eyín, wọ́n a tutọ́. Kò sí ife omi níbẹ̀, nítorí wọn kò gbọdọ̀ ṣan ẹnu. Búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ àti ààyè tirẹ̀, kí ti ọmọ kan má baà kan ti èkejì. Wọ́n gbé e dé gbogbo ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí ó bá fẹ́ ẹ, wọ́n sì tún gbé e dé kíláàsì kìíní àti ìkejì ní àwọn àdúgbò tí òṣì ti pọ̀. Ọmọ tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì nílé ní ọ̀kan nílé ìwé. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Èkejì ni pé wọ́n yan àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń lọ bá ìyá nílé. Nọ́ọ̀sì tí ń bẹ ìyá ọlọ́mọ wò ni yóò tọ́ka ilé tí ó yẹ kí wọ́n lọ. Òṣìṣẹ́ náà yóò jókòó ti ìyá, yóò fún un ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ, yóò sì bá a wá oníṣègùn tí yóò fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì eyín kan ní kíkun ọ̀dà fúlóráìdì, wọ́n sì rán wọn lọ sí ilé ìwé láti kùn ún fún àwọn ọmọ àdúgbò òṣì lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún. Kò dìgbà tí ẹni tí ó kàwé gbé oyè oníṣègùn bá wá kí á tó lè fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun eyín ọmọdé.

Ẹ̀kẹrin ni ó ya Skọ́tlándì sọ́tọ̀. Ní 2011 wọ́n kọ ìdènà sínú ìwé tí wọ́n fi ń sanwó fún àwọn oníṣègùn eyín. Láti ìgbà náà, oníṣègùn tí ó bá fún ìyá ọmọ kékeré ní ìmọ̀ràn lórí fífọ eyín àti oúnjẹ, tàbí tí ó bá kun eyín ọmọ, rí i nínú ìwé owó rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn rere ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tí iṣẹ́ tòótọ́ bá parí, di iṣẹ́ tòótọ́ fúnra rẹ̀.

Nínú 100, 45 ti 2003 di 67 ní 2012, ó di 71 ní 2018. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Glasgow ṣírò owó rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015. Iye tí yóò ná ìjọba láti tọ́jú eyín àwọn ọmọ ọdún márùn-ún kúrò ní bíi mílíọ̀nù 8.8 pọ́n-ùn ní 2001 sí 2002, ó sì di bíi mílíọ̀nù 4 ní 2009 sí 2010. Ètò búrọ́ọ̀ṣì náà sì ń jẹ bíi mílíọ̀nù 1.8 lọ́dún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta iṣu lọ́jà mọ̀ pé èrè ni ìyẹn.

Ṣé ìgbà tí a bá ti wá ní ìdènà, gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń so èso? Rárá. Ní Àríwá Áyálándì, wọ́n mú ọmọ 1,248 tí wọ́n jẹ́ ọdún méjì sí mẹ́ta, tí eyín wọn kò tíì bàjẹ́, ní ilé ìtọ́jú 22. Wọ́n fún apá kan ní ọ̀dà, ọṣẹ àti ìmọ̀ràn nígbà tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ oníṣègùn. Wọ́n fún apá kejì ní ìmọ̀ràn nìkan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, eyín ọmọ 34 nínú 100 ti bàjẹ́ ní apá kìíní, 39 ní apá kejì, àwọn tí ń ṣírò sì ní ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Òótọ́ ni pé ìbàjẹ́ àwọn tí ó gba oògùn kéré sí i, ìrora wọn sì dín. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ wá létí. Ìdènà tí ó dúró dìgbà tí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, kò ní agbára tó èyí tí ó bá ọmọ níbi tí ó ń jókòó lójoojúmọ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìdènà gbọ́dọ̀ rà á ní ilé ìwé, ní ilé ìyá àti ní ilé ìtọ́jú pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Skọ́tlándì kò tíì borí òṣì. Ní 2018, ní àwọn àdúgbò tí ó rí jájẹ jù, 86 nínú 100 ọmọ ni eyín wọn dá. Ní àwọn àdúgbò tí òṣì ti wọ̀ jù, 56. Ọgbọ̀n ni ó wà láàrin wọn, ṣúgà olówó pọ́ọ́kú sì wà lára ohun tí ó fà á. Kò sí ìwé àdéhùn oníṣègùn tí ó lè dá ìyẹn ṣe. Láti Oṣù Kẹrin 2018 ni ìjọba Ìlú Ọba ti fi owó lé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ṣúgà rẹ̀ bá pọ̀, àwọn onímọ̀ sì rí i ní 2023 pé iye ọmọ tí ń wọ ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí eyín yíyọ dín ní ìwọ̀n 12 nínú 100 sí iye tí ì bá jẹ́.

Ní Oṣù Kẹta 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun yóò ná mílíọ̀nù 11 pọ́n-ùn kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ní àwọn àdúgbò òṣì lè máa fọ eyín ní ilé ìwé, tí iye wọn lè tó 600,000. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn Skọ́tlándì ni.

NÍLÉ ŃKỌ́?

Nàìjíríà kì í ṣe Skọ́tlándì, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Orín wà nílẹ̀ kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti gbà á níyànjú níbi tí àṣà rẹ̀ bá wà; ẹni tí ó ń rún orín kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tí ó kù fún un ni fúlóráìdì. Ti fúlóráìdì náà sì gba àkíyèsí. Ní àwọn ibì kan ní àríwá, bí àpẹẹrẹ Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau, fúlóráìdì inú omi kànga pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń sọ eyín ọmọ di aláwọ̀ pupa rúsúrúsú. Níbẹ̀ kí á yẹ omi wò kí á tó pín ohunkóhun. Ohun tí a ń pè ní ẹ̀rí nìyẹn: kì í ṣe ohun tí ó ṣiṣẹ́ ní Glasgow, bí kò ṣe ohun tí a wọ̀n níbi tí a wà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti owó náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, bóyá a mọ̀ tàbí a kò mọ̀. Nàìjíríà ti ní ìlànà lórí ìlera ẹnu láti 2012. Ní 2021 Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọṣẹ àti ọ̀dà fúlóráìdì kún àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní. Ní 2022 òfin tuntun dá NHIA, àjọ ètò ìlera adójútòfò ti orílẹ̀-èdè, sílẹ̀, ó sì ní kí gbogbo ènìyàn wọ inú ètò adójútòfò. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ní àjọ tiwọn. Láti ìgbà tí àjọ kan bá ti ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, tí ó sì ń sanwó fún ilé ìwòsàn, olùra ni ó dà yẹn. Ó ní ìwé kan tí ó to iṣẹ́ tí yóò sanwó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ béèrè fún ìwé náà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún irú rẹ̀ láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni ó sì fún ọ́fíìsì láti fèsì. Nígbà tí ẹ bá gbà á, ẹ wo abala eyín. Ẹ wò ó bóyá eyín yíyọ àti ihò dídí nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń gba owó fún kíkun eyín ọmọ ọdún mẹ́ta, bóyá ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wà nínú rẹ̀ rárá, bóyá nọ́ọ̀sì lè ṣe é tàbí kí á dúró de oníṣègùn tí kò sí ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ẹnì kan ń lọ yẹ ẹnu àwọn ọmọ wò ní ọdọọdún bí ti Skọ́tlándì, nítorí láìsí iye, kò sí bí a ó ti mọ ohun tí owó wa rà. Kí ẹ mú èsì tí ẹ bá rí dání nígbà tí aṣojú yín bá wá ṣe ìpàdé ní wọ́ọ̀dù.